Àbúrò ìyàwó mi ní òun kì í jẹ àgbàdo mọ́ nítorí ìbò. Ẹ bá mi dá sí i

Akin_Ẹ̀pẹ́ | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:42 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ nílé mi lónìí tó pa mí lẹ́rìn-ín, tó sì tún bí mi nínú díẹ̀. Àbúrò ìyàwó mi wá kí wa láti Sùúlérè. Àgbàdo tuntun ti dé, ìyàwó mi se ìkòkò kan, ó sì ti gé àgbọn sínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí a ṣe gbé e síwájú ọmọkùnrin yìí báyìí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú, èmi kì í jẹ àgbàdo mọ́." Mo rò pé dókítà ló kìlọ̀ fún un. Ó ní rárá o, láti 2022 ni òun ti jáwọ́. Ó ní àwọn ọmọ Àgbàdo ló ba ìlú jẹ́, òun ò lè máa bá wọn jẹ oúnjẹ ẹgbẹ́ wọn.

Fún ẹni tí kò bá mọ bí àgbàdo ṣe wọ òṣèlú: ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2021, níbi àpérò ọjọ́ ìbí Bọ́lá Tinúbú tí wọ́n ṣe ní Kánò, ó ní kí ìjọba gba 50 mílíọ̀nù ọ̀dọ́ sí iṣẹ́ ológun, pé oúnjẹ wọn ò ní dààmú ẹnikẹ́ni, ilẹ̀ wa níbí là ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo sí. Àwọn agbẹnusọ rẹ̀ jáde lẹ́yìn náà pé 50,000 ló ní lọ́kàn. Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀. Kí ìbò 2023 tó dé, àwọn alátakò ti sọ gbogbo ẹni tó bá tẹ̀lé e ní "Àgbàdo". Àwọn náà gba orúkọ ọ̀hún, wọ́n sì ń fi yangàn.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé ẹgbẹ́ òṣèlú lè mú kí oúnjẹ korò lẹ́nu ènìyàn lóòótọ́, àbí ọmọ yìí kàn ń ṣe ojú ayé fún mi ni?

---

Ẹlẹ́kọ_Gbígbóná | 8:51 alẹ́

Kí ló jẹ láàárọ̀?

---

Akin_Ẹ̀pẹ́ | 8:55 alẹ́

Ẹ̀kọ mẹ́rin àti mọ́ínmọ́ín.

---

Ẹlẹ́kọ_Gbígbóná | 8:56 alẹ́

Háà! Àná yín ti forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ nígbà mẹ́rin kó tó di ọ̀sán, kò kàn gba káàdì ni. Ẹ tún bá mi bi í nípa ògì. Kókóró ńkọ́? Ààdùn ńkọ́? Ẹ̀gbo? Gúgúrú tó ń jẹ tó bá ń wo bọ́ọ̀lù, ṣé ẹgbẹ́ Obi ló gbìn ín?

---

Ìyá_Sùúrù_Alágbàdo | 9:20 alẹ́

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, bí ẹ bá rí àṣìṣe, òun ni kẹ́ ẹ bá wí.

Èmi ń ta àgbàdo sísè àti sísun ní Òdò-Ọnà, Ìbàdàn. Ohun tí Akin sọ yìí, ojú mi ló ṣe. Ìbò abẹ́nú ẹgbẹ́ wọn bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 2022, àkókò tí àgbàdo pọ̀ jù lọ́jà nìyẹn. Ní ọjọ́ tí wọ́n kéde pé Tinúbú ló wọlé, àwọn ọmọkùnrin kan dé pẹ̀lú fìlà tó ní àmì ṣẹkẹṣẹkẹ yẹn níwájú. Wọ́n ra méjìlá lọ́wọ́ mi. Wọ́n ò jẹ ẹ́ o! Wọ́n gbé e sókè, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n pariwo, wọ́n fi mẹ́sàn-án sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì mi, wọ́n lọ. Mo pe àwọn ọmọ kéékèèké àdúgbò, wọ́n bá mi jẹ ẹ́ tán.

Èyí tó wá dùn mí ni ti tíṣà kan tó jẹ́ oníbàárà mi láti ọjọ́ pípẹ́. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló máa ń ra méjì sísun, á jókòó sórí àpótí, á máa jẹ ẹ́ bó ṣe ń gbóná, á sì máa bá mi sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀. Nígbà tó di àsìkò yẹn, kò jókòó mọ́. Á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á rẹ ohùn sílẹ̀, á ní, "Màmá, ẹ bá mi fi náílọ́ọ̀nù dúdú dì í." Àgbàdo o! Bí ẹni ń ra ọtí ògógóró lẹ́yìnkùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ òun ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ti gbàbọ̀dè.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹnu ò kórìíra àgbàdo. Ojú ènìyàn ló ń tì í.

---

Bàbá_Ìjẹ̀ṣà | 10:03 alẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Ìyá Sùúrù, ẹ kú iṣẹ́.

Ẹ̀yin ọmọdé rò pé ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí ní 1958, Iléṣà la sì ń gbé. Ọlọ́pẹ ni bàbá mi. Igi ọ̀pẹ ni àmì Action Group tí Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ ní 1951, ìyẹn la fi ń pè wọ́n ní Ọlọ́pẹ. Àkùkọ ni àmì NCNC, àwọn la ń pè ní Alákùkọ. Àdúgbò wa kún fún Alákùkọ bámúbámú. Kérésìmesì bá dé, àwọn aládùúgbò á pa àgbébọ̀, ewúrẹ́, ohun tó bá wù wọ́n. Bàbá mi ò jẹ́ ra àgbébọ̀ láé. Àkùkọ ni, èyí tó tóbi jù lọ́jà, á so ó mọ́ ìdí igi mángòrò níwájú ilé láti ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú kí gbogbo ayé lè rí i. Ẹran àkùkọ yẹn le bí bàtà, ìyá mi á sè é títí igi á fi tán. A ò gbọ́dọ̀ sọ pé ó le. Bàbá á ní, "Ẹ rún un dáadáa, ẹ̀yin ọmọ, ìbò lẹ̀ ń dì yẹn."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ Alákùkọ fẹ́ gbẹ̀san. Ó ní òun ò ní jẹ nǹkan ọ̀pẹ mọ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀! Ìyàwó rẹ̀ bi í pé ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ wo ni òun fẹ́ fi omi lásán sè. Ọjọ́ kejì ló ti padà sídìí epo pupa. Ẹmu nìkan ló kù tó lè kọ̀, ìyẹn náà sì jẹ́ nígbà tó bá wà níwájú bàbá mi nìkan. Àkùkọ, ènìyàn lè ya ọ̀tá rẹ̀. Ọ̀pẹ ò ṣeé yà lódì nílẹ̀ Yorùbá.

Nígbà tí Akíntọ́lá wá dá ẹgbẹ́ Dẹ́mọ̀ (NNDP) sílẹ̀ ní 1964, ọwọ́ ni àmì tiwọn, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa jẹ níbẹ̀ mọ́. Ohun tó sì tẹ̀ lé e ní 1965, wẹ́tìẹ̀, rògbòdìyàn tí wọ́n ti ń dáná sun ilé àti ènìyàn, èmi ò fẹ́ sọ ọ́ lálẹ́ yìí.

Àgbàdo tí ẹ ń pariwo rẹ̀ yìí náà, kì í ṣe ọmọ àná. Nígbà ìjọba alágbádá 1979, ilé àti àgbàdo ni àmì NPN ti Ṣàgàrí. Bàbá mi, tó ti di ọmọ UPN, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ nígbà náà, kò yéé jẹ àgbàdo tirẹ̀. Ó ti darúgbó, ehín ti tán, ẹ̀gbo ni wọ́n ń sè fún un.

---

Ọ̀gbẹ́ni_Ìtàn | 10:15 alẹ́

Kí n fi kún ti bàbá: àgbàdo náà ni àmì ANPP, ẹgbẹ́ tí Buhari bá du ipò ààrẹ ní 2003 àti 2007. Àwọn tó tẹ̀ka fún un nígbà náà, orí àgbàdo ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí.

---

Ọmọ_Mólété | 10:31 alẹ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo kí yín. Ẹ jẹ́ ká sọ ti àmàlà, nítorí inú mi máa ń bàjẹ́ tí mo bá gbọ́ "òṣèlú alámàlà".

Òpópónà kejì sí ilé Baba Làmídì Adédibú, bàbá ìsàlẹ̀ òṣèlú Ìbàdàn nígbà ayé rẹ̀, ni wọ́n bí mi sí, ní Mólété. Kì í ṣe ìtàn. Lóòótọ́ ni wọ́n ń se àmàlà lójoojúmọ́. Tí a bá ń ti iléèwé bọ̀, òórùn gbẹ̀gìrì ló máa kọ́kọ́ pàdé wa, ká tó rí àwọn obìnrin tó ń rokà: ìkòkò tó ga tó ọmọ ọdún márùn-ún, omorogùn gígùn bí àjẹ̀ ọkọ̀ ojú omi, ìyá méjì lórí ìkòkò kan, wọ́n fi àkísà di etí ìkòkò mú, òógùn ń bọ́ lójú wọn. Ọlọ́kadà, bàbá arúgbó, ọmọọ̀ta, ọlọ́pàá tó wọ aṣọ iṣẹ́, gbogbo wọn ló ń jẹ ẹ́. A ò bi ẹnikẹ́ni léèrè káàdì.

Èmi náà jẹ ẹ́, àìmọye ìgbà. Bàbá mi mọ̀ pé mò ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Baba àti Ládọjà (Kábíyèsí Olúbàdàn wa báyìí) ń jà, tí wọ́n yọ Ládọjà nípò gómìnà ní oṣù Kìíní 2006, tí ilé ẹjọ́ tó ga jù dá a padà kí ọdún náà tó parí, ẹ̀yìn Ládọjà ni bàbá mi wà, ó sì ń wí i síta. Àmàlà Mólété wà nínú ikùn ọmọ rẹ̀, kò yí i lọ́kàn padà.

Ẹni tó ń sọ pé àmàlà la fi ń ra àwa ará Ìbàdàn, ẹ máa bi í: ṣé ẹ̀yin ò jẹ ìrẹsì níbi àpèjẹ olóṣèlú tiyín? Ti àwo tí wọ́n fi aṣọ funfun tẹ́ tábìlì fún kò ní orúkọ ẹ̀gàn.

---

Ọmọ_Ìkẹ́rẹ́ | 10:48 alẹ́

@Ọmọ_Mólété, o ò parọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ti Èkìtì kún un.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà 2014, Ayọ̀délé Fáyóṣe na Fáyẹmí ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Gbogbo ayé ní ìrẹsì ló fi wọlé, wọ́n ní "stomach infrastructure", ìyẹn fífi oúnjẹ wá ìbò. Nígbà tó dórí àlééfà, ó yan olùrànlọ́wọ́ pàtàkì sí ọ̀rọ̀ ọ̀hún, ó sì pín ìrẹsì àti adìyẹ ní Kérésìmesì.

Ẹ gbọ́ ohun tó ń ru mí lójú. Ìrẹsì kọ́ ni oúnjẹ Èkìtì. Iyán ni. Tó bá jẹ́ pé ohun tí ẹnu ènìyàn fẹ́ ló ń mú ìbò wá, iṣu ni wọn ìbá máa kó kiri. Èéṣe tó fi jẹ́ ìrẹsì? Nítorí pé wọ́n lè dì í sínú àpò kékeré, kí wọ́n tẹ àwòrán olùdíje sí i lára. Ta ni máa tẹ àwòrán sára iṣu? Iṣu á hù, á yọ gbòǹgbò nímú olùdíje.

Fáyóṣe alára mọ ìyàtọ̀. Tó bá fẹ́ kí ará ìlú rí òun bí ẹni tiwọn, kì í ṣe ìrẹsì ló ń jẹ níwájú kámẹ́rà. Ẹ̀bá ọ̀nà ló ń dúró sí, á jẹ àgbàdo sísun, á bá wọn jókòó ní búkà. Ìrẹsì ni ó ń fún wọn. Tiwọn ló ń jẹ.

---

Arákùnrin_Ìṣirò | 11:10 alẹ́

Mo fara mọ́ gbogbo yín, ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra. Ká ní ẹnì kan wá láti ìta, ó fẹ́ mọ ẹgbẹ́ tí àwọn alámàlà ń dìbò fún. Á dé Ìbàdàn, á rí i pé àmàlà dúdú ni wọ́n ń jẹ, á wo èsì ìbò, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé "alámàlà, onígbálẹ̀ (APC) ni". Á bọ́ sí Àkúrẹ́, á rí iyán, á tún kọ. Kò mọ̀ pé ilẹ̀ ló ń sọ oúnjẹ. Ẹ̀gbá ń jẹ láfún, Ìjẹ̀bú ń jẹ gàrí àti ìkọ́kọrẹ́, Ìlàjẹ ń jẹ púpurú, nítorí ohun tó hù níbẹ̀, kì í ṣe nítorí ẹni tí wọ́n dìbò fún. Ibì kan náà ló ń fún ènìyàn ní ọbẹ̀ àti ẹgbẹ́, lọ́wọ́ òbí kan náà.

Ẹ wo ìbò ààrẹ 2023. Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ń jẹ gbẹ̀gìrì kan náà. Tinúbú wọlé ní Ọ̀yọ́. Atiku ló wọlé ní Ọ̀ṣun, 354,366 sí 343,945. Ẹ tún wo Èkó: Obi 582,454, Tinúbú 572,606. Ìyàtọ̀ wọn kò tó 10,000. Ṣé àwọn ará Èkó pín sí méjì lórí ohun tí wọ́n jẹ ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni? Ẹ̀wà àgànyìn kan náà ló wà ní kọ̀rọ̀ gbogbo.

---

Obidient_Ìkòròdú | 11:14 alẹ́

Àwa la jẹ ẹ̀wà, àwọn jẹ àgbàdo, a sì nà wọ́n ní Èkó. Ẹ wo èsì ìbò.

---

Asíwájú_Tèmi | 11:15 alẹ́

Ta ló wà ní Aso Rock? Ẹ máa jẹ ẹ̀wà yín lọ, kí inú yín máa wú.

---

Obidient_Ìkòròdú | 11:16 alẹ́

Ó kéré tán, àwa ń rí owó ra ẹ̀wà kí ẹ tó dé.

---

Alábòójútó | 11:20 alẹ́

Ẹ̀yin méjèèjì, ó tó. Oúnjẹ la ń jíròrò. Ẹni tó bá tún bú ẹlòmíràn, mo máa pa ìfìwéránṣẹ́ rẹ̀ rẹ́. Ẹ̀wà náà sì wọ́n fún gbogbo wa báyìí, ẹ jẹ́ ká fọwọ́ wọ́nú.

---

Adùkẹ́_Houston | Ọjọ́ Àìkú, 6:05 àárọ̀

Mo ka gbogbo rẹ̀ tán, mo rẹ́rìn-ín títí ọkọ mi fi jí.

Ní Amẹ́ríkà níbí, tiwa burú ju tiyín lọ, nítorí orúkọ iléeṣẹ́ ló wà lára oúnjẹ. Ní oṣù Keje 2020, ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ oúnjẹ Goya lọ sí White House, ó yin Trump. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn kan ti ní kí ẹnikẹ́ni má ra Goya mọ́, àwọn mìíràn sì ní kí a rà á ní ìlọ́po méjì. Trump alára to ọjà Goya sórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé àtàǹpàkò sókè.

Ẹ̀yin ará, Goya ni ẹ̀wà àkàrà wa! Ẹ̀wà ojú dúdú tí mo ń rẹ sómi ní alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, tí mo ń fọwọ́ bó, òun ni. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ìpàdé ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wa di ogun. Sístà kan ní òun ti kó gbogbo tirẹ̀ dà nù. Òmíràn, tó fẹ́ràn Trump nítorí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ra àpò mẹ́wàá, ó pín in fún wa bí ìpápánu. Èmi? Mo da tèmi sínú ike ìyẹ̀fun, mo ju náílọ́ọ̀nù rẹ̀ nù, mo sì dín àkàrà wá sí ìpàdé tó tẹ̀ lé e. Àwọn méjèèjì jẹ ẹ́. Ẹni tó kó tirẹ̀ dà nù ló bi mí pé ibo ni mo ti rí ẹ̀wà tó kúná báyìí.

Ìyá Sùúrù, náílọ́ọ̀nù dúdú yín ni ike ìyẹ̀fun tèmi.

---

Ará_Bàhíà | 9:40 àárọ̀

Mo ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Salvador, Brazil. Níbí, oúnjẹ ti di orúkọ ẹgbẹ́ pátápátá. Wọ́n ń pe àwọn ọlọ́tùn-ún ní "coxinha", ìyẹn ìpápánu kan tí wọ́n fi adìyẹ sí nínú ìyẹ̀fun, tí wọ́n dín, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó bí itan adìyẹ. Wọ́n ń pe àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òṣìṣẹ́ ti Lula àti Dilma ní "mortadela". Ẹ mọ ìdí rẹ̀? Wọ́n ní búrẹ́dì àti mortadela, ẹran lílọ̀ olówó pọ́ọ́kú, ni wọ́n ń fún wọn kí wọ́n tó jáde wá ṣèwọ́de. Ọmọ_Mólété, ṣé o gbọ́? Àmàlà ti Brazil nìyẹn. Ní 2016, tí wọ́n fẹ́ yọ Dilma nípò ààrẹ, wọ́n gbé ògiri irin sáàárín pápá ní Brasília kí coxinha àti mortadela má bàa jà.

Ṣùgbọ́n mo ń rí wọn. Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ọmọ Lula tọkàntọkàn, á dúró ní ìsọ̀ ní òwúrọ̀, á jẹ coxinha méjì pẹ̀lú kọfí. Kò sí ẹni tó ń wo ara wọn níbẹ̀. Àwọn ìyá tó ń ta àkàrà (acarajé ni wọ́n ń pè é) pẹ̀lú aṣọ funfun ńlá kì í bi oníbàárà ní ẹgbẹ́ tó wà. Ata nìkan ni wọ́n ń béèrè: ṣé o fẹ́ ẹ gbóná, àbí tútù?

---

Arákùnrin_Ìṣirò | 10:12 àárọ̀

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan. Àmàlà, ìrẹsì, mortadela, àgbàdo: oúnjẹ tálákà tàbí oúnjẹ ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò fi lọ́bísítà bú ẹgbẹ́ kankan rí nílùú wa. Èébú tó wà nínú "Àgbàdo" ni pé ebi ń pa ọ́, wọ́n sì fi nǹkan kékeré rà ọ́.

---

Bàbá_Ìjẹ̀ṣà | 10:30 àárọ̀

Ọmọ yìí, o gbọ́n.

---

Akin_Ẹ̀pẹ́ | 1:17 ọ̀sán

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ka ọ̀rọ̀ yín sí àná mi létí níbi oúnjẹ ọ̀sán. Ó rẹ́rìn-ín sí ti bàbá tó so àkùkọ mọ́ ìdí mángòrò. Nígbà tí mo dé ibi ti tíṣà yẹn, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó wá jẹ́wọ́ fún mi pé ọ̀rọ̀ náà kọjá yẹ̀yẹ́. Ní ọjọ́ ìbò gómìnà Èkó ní oṣù Kẹta 2023, wọ́n lé e níbi tó ti fẹ́ dìbò, wọ́n ní kò jọ Yorùbá. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí i sí o! Ọ̀kan nínú àwọn tó lé e ń jẹ àgbàdo. Ó ní láti ọjọ́ yẹn, tí òun bá ti gbóòórùn rẹ̀, inú òun máa ń rú. Bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ lánàá tó ní 2022, ó ní òun kàn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí n má baà bi òun ní ìbéèrè púpọ̀.

Mo fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú yín, nítorí èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá síbí láti fi rẹ́rìn-ín.

---

Ẹlẹ́kọ_Gbígbóná | 1:25 ọ̀sán

Ah. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ mi àná. Mi ò mọ̀.

---

Obidient_Ìkòròdú | 1:31 ọ̀sán

Ẹ kí i fún mi. Èmi náà ò rí i dì lọ́jọ́ yẹn.

---

Asíwájú_Tèmi | 1:58 ọ̀sán

Mi ò ní bá yín jiyàn lórí èyí. Ohun tí wọ́n ṣe yẹn ò dára. Ẹ bá mi kí i.

---

Ìyá_Sùúrù_Alágbàdo | 4:46 ìrọ̀lẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ sọ fún un pé kó má fipá jẹ ẹ́. Bó bá sì kọjá sí Ìbàdàn, kó yà sí Òdò-Ọnà, mo ní bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà. Tíṣà mi ti padà sórí àpótí rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Kò sọ nǹkan kan, èmi náà ò bi í. Mo kàn rí i pé kò béèrè náílọ́ọ̀nù.